Ẹ̀yìn apá kò mọ ọjọ́ ìsinmi: bí iṣan ṣe ń pín iṣẹ́ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, àbúrò kan ní jíìmù àdúgbò wa dojú bolẹ̀ láti ṣe púṣọ́ọ̀pù mẹ́wàá péré, èyí tó fi máa ń mú ara gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ṣe mẹ́rin, apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tó di ìkarùn-ún, ó fàyà lélẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo wa.

Jíìmù tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti olówó o. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ló wà n'Íbàdàn. Irin ọkọ̀ àlòkù ni à ń gbé, agolo ọ̀dà tí wọ́n da kọnkéré kún ló sì wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ọmọkùnrin yìí kì í pa á jẹ. Kì í mutí, ó sì ń sùn dáadáa. Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó fi ètò ọ̀sẹ̀ rẹ̀ hàn mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ọjọ́ Ajé, àyà. Ìṣẹ́gun, èjìká. Ọjọ́rú, apá. Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yìn. Ẹtì, ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni ìkọ̀ọ̀kan wọn fi ń sinmi. Kí ló wá ń rẹ̀ mí?"

Irú ètò yìí náà ló ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn lórí WhatsApp. Téèyàn bá wò ó, ó dà bíi pé ó mọ́gbọ́n wá. Àmọ́ ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tí kò sinmi láti Ajé títí di Ọjọ́rú, ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni wọ́n dárúkọ rẹ̀ sí.

Iṣan wo là ń sọ?

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lẹ́nu Yorùbá. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan là ń pè é. Èyí tí pajápajá ń mú lóru, iṣan náà ni. Èyí tí mò ń sọ níhìn-ín ni ẹran tó so mọ́ egungun, tó ń sún kì, tó sì ń nà. Ẹ ká apá yín bí ẹni tó fẹ́ fi han ọmọdé pé òun lágbára: òkìtì tó yọ níwájú apá yẹn, iṣan ni.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni iṣan mọ̀, kó sún kì kó sì fa egungun. Iṣan kì í ti nǹkan. Kódà nígbà tí ẹ bá ń ti ọkọ̀ tó kú sójú títì, iṣan ẹ̀yìn apá yín ló ń fa egungun tó wà nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ kí apá lè nà tàn. Ẹ̀yìn apá yìí ni àwọn ará jíìmù ń pè ní triceps. Ẹ fi í sọ́kàn, òun ni ọ̀daràn ìtàn wa, tàbí ká kúkú sọ pé òun ni wọ́n dá lẹ́bi láìjẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ kejì ni sẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá gbé irin lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léra wọn kí n tó gbé e kalẹ̀ láti mí, sẹ́ẹ̀tì kan nìyẹn. Ẹni tó sọ irú ìṣirò yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni Thomas DeLorme, dókítà ológun Amẹ́ríkà kan tó ń fi irin gbígbé tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1945 ló tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Sẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ ló kọ́kọ́ ń fún wọn, àmọ́ nígbà tó fi máa di 1948, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ti dín in kù sí mẹ́ta, ìgbà mẹ́wàá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́wàá yìí la ṣì ń gbé dòní.

Kí ló dé tí àyà kì í ṣiṣẹ́ lóun nìkan?

Oríkèé ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ má wo orúkọ eré ìdárayá, ẹ wo oríkèé tó ń ṣí tó ń pa dé. Bí oríkèé kan bá ṣí, iṣan tó ń ṣí i ti wọ iṣẹ́ nìyẹn, yálà ẹ pè é tàbí ẹ ò pè é.

Ẹ dìde, ẹ dojú kọ ògiri. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ti ògiri bí ẹni fẹ́ wó o, kí ẹ sì fi ìka ọwọ́ òsì tẹ ẹ̀yìn apá ọ̀tún, díẹ̀ lókè ìgbọ̀nwọ́. Ó le gan-an, àbí? Ẹ tún gbé ìka yẹn sí iwájú èjìká. Òun náà le. Ẹ gbé e sí àyà, lẹ́bàá abíyá. Ìyẹn náà le. Ògiri kan ṣoṣo lẹ tì, iṣan mẹ́ta ló jáde.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì gan-an nìyẹn, níbi tí èèyàn ti ń dùbúlẹ̀ gbé irin sókè. Èjìká ń yí, ìgbọ̀nwọ́ ń nà. Nínú ìdíje gbígbé irin tí àwọn akanda ẹ̀dá ń ṣe ní Paralympics, orí bẹ́ǹṣì nìkan ni wọ́n ti ń gbé e, ibẹ̀ sì ni Folashade Oluwafemiayo ti gba góòlù fún Nàìjíríà ní Tokyo àti ní Paris ní 2024. Òfin ìdíje náà ni pé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ nà tàn kí àwọn adájọ́ tó gbà á wọlé. Ẹ̀yìn apá ló ń parí iṣẹ́ náà. Bí àyà ẹnì kan bá tóbi bí ilẹ̀kùn, tí ẹ̀yìn apá rẹ̀ sì kọ̀, irin náà ò ní dókè.

Ẹ wá wo ètò àbúrò wa. Lọ́jọ́ àyà, ìgbọ̀nwọ́ nà. Lọ́jọ́ èjìká, tó ń ti irin lọ sókè orí, ìgbọ̀nwọ́ tún nà. Lọ́jọ́ apá, ó wá mú ẹ̀yìn apá gan-an fúnra rẹ̀, ó lò ó.

Mo sọ fún un pé: "Dírẹ́bà mẹ́ta ló ń wa ọkọ̀ yẹn, kọ́ńdọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní." Dírẹ́bà àkọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ Ajé, ó lọ sùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìkejì jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sinmi lọ́jọ́rú. Kọ́ńdọ́ ni tiẹ̀, láti àárọ̀ Ajé ló ti ń ké "Challenge! Challenge!" lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bó bá fi máa di alẹ́ Ọjọ́rú, ohùn rẹ̀ ti há. Tí wọ́n bá wá ní kó tún ké lọ́jọ́bọ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀lẹ ni.

Ta ni kọ́ńdọ́ lápá ibi tí a ti ń fa nǹkan?

Ọmọ ìyá kan náà ni. Ẹni tó ti fa omi nínú kànga rí mọ̀ ọ́n: ẹ̀yìn ló ń fà á, àmọ́ iwájú apá ló kọ́kọ́ ń ta, ọwọ́ tó di okùn mú ló sì ń kọ́kọ́ jọ̀wọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífa ara ẹni gòkè lórí irin, bẹ́ẹ̀ ni títẹ̀ba fa irin wá síkùn. Ìgbọ̀nwọ́ ń ká, nítorí náà iwájú apá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Èjìká ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Iṣan èjìká ní ìpín mẹ́ta: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn. Ti iwájú ń bá àyà ti nǹkan, ti ẹ̀yìn ń bá ẹ̀yìn fa nǹkan. Ẹni tó bá ní òun ṣe èjìká, kó sọ èyí tó ṣe. Ní jíìmù wa, ti iwájú ni gbogbo wọn ń ṣe. Ti ẹ̀yìn ò rí iṣẹ́, nítorí kò sí nínú dígí.

Ibi tó wá le jù ni ìbàdí. Iṣan tó gbé ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ró kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé nǹkan lọ síbì kan, ńṣe ló ń dúró gbọn-in kí àwọn yòókù lè rí ibi fara tì. Bí ẹ bá tẹ̀ba fa irin, ó dúró. Bí ẹ bá gbé irin lé èjìká tí ẹ lóṣòó tí ẹ sì dìde, ó dúró. Bí ẹ bá gbé irin nílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní deadlift, iṣẹ́ rẹ̀ di ìlọ́po. Àbúrò wa ń tẹ̀ba fa irin lọ́jọ́bọ̀, ó ń lóṣòó lọ́jọ́ Ẹtì. Kọ́ńdọ́ kejì nìyẹn, kò sì sí ọjọ́ kankan nínú ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ ọjọ́ ìbàdí.

Kí ni ìsinmi ń ṣe fún iṣan?

Gbígbé irin kì í mú iṣan tóbi lójú ẹsẹ̀. Ó ń sọ fún ara pé iṣẹ́ wà níbí, kó wá tún ilé mọ. Ẹ̀yìn náà ni ara ń fi èròjà inú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran ṣe àtúnmọ.

Ní 1995, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì McMaster ní Hamilton, Kánádà, tẹ iṣẹ́ kékeré kan jáde. Ọkùnrin mẹ́fà péré ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí wọ́n fi iwájú apá kan gbé ẹrù tó wúwo, wọ́n sì fi apá kejì tó jókòó jẹ́ẹ́ wé e. Lẹ́yìn wákàtí 4, iṣẹ́ àtúnmọ nínú apá tó gbé ẹrù ti fi ìdajì ju ti èkejì lọ. Lẹ́yìn wákàtí 24, ó ti ju ìlọ́po méjì lọ. Nígbà tó fi máa di wákàtí 36, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Mo rí nǹkan méjì kọ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, odindi ọjọ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́ ni àtúnmọ ṣì ń gbóná jù; ẹni tó bá tún wá gbo iṣan náà lọ́jọ́ kejì, bíríkìlà tó ṣì wà lórí àkàbà ló lọ mì. Ìkejì, kò pẹ́ tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Iṣan tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé tí ẹ ò sì tún fọwọ́ kàn án títí di Ajé mìíràn, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló fi jókòó láìrí nǹkan ṣe. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń sọ pé kí iṣan kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wákàtí 48 ó kéré tán sì wà láàárín. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà sọ ọ́ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 pé kí àgbàlagbà ṣe eré tó ń mú iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀, kó sì kan gbogbo iṣan ńláńlá ara.

Ẹ má fi ìrora wọn ìsinmi. Ìrora tó ń wá lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, tí èèyàn ò fi ní lè jókòó lórí àga láìkérora, eré tuntun ló sábà ń fà á. Ó lè lọ tán kí agbára má tíì padà, agbára sì lè padà kó má tíì lọ tán.

Báwo ni ẹ ṣe máa ka iṣẹ́ tí ẹ ò fojú rí?

Bí mo ṣe ń kà á rèé, bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ náà sì ṣe ń kà á nìyẹn. Sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n torí iṣan kan ṣe, ẹ kà á sí ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀tì tí iṣan náà kàn bá wọn dá sí, ẹ kà á sí ìdajì. Kì í ṣe òfin Mósè, àmọ́ ó sàn ju kéèyàn má kà á rárá.

Àwa méjèèjì jókòó sórí táyà, a kà á. Ọjọ́ Ajé: sẹ́ẹ̀tì 4 lórí bẹ́ǹṣì, 4 lórí bẹ́ǹṣì tó dagun, púṣọ́ọ̀pù 3. Àyà gba 11, ẹ̀yìn apá gba ìdajì rẹ̀, 5 àti ààbọ̀. Ìṣẹ́gun: sẹ́ẹ̀tì 4 tó fi ń ti irin lọ sókè orí, ẹ̀yìn apá tún gba 2. Ó ṣe 3 míì tó fi ń gbé dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì, irin kékeré tí à ń fi ọwọ́ kan gbé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú apá títọ́. Ìyẹn ò kan ẹ̀yìn apá, nítorí ìgbọ̀nwọ́ ò ṣí. Ọjọ́rú: sẹ́ẹ̀tì 6 fún ẹ̀yìn apá gan-an. Ẹ ro ó pọ̀: 13 àti ààbọ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó wá sinmi ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Ó ti ń retí kí n sọ pé ó pọ̀ jù. Kò pọ̀ jù. Sẹ́ẹ̀tì 10 sí 20 lọ́sẹ̀ fún iṣan kan ni ọ̀pọ̀ ètò ń lò, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì lè rí àyípadà pẹ̀lú èyí tó kéré sí i. Ibi tí wọ́n tò ó sí ló bà á jẹ́. Ọjọ́rú tó yẹ kí ẹ̀yìn apá fi ṣe iṣẹ́ gidi, ó ti ṣẹ́ kù díẹ̀ kó ṣubú kó tó dé ibẹ̀.

A wá ka ẹsẹ̀. Ìlóṣòó, sẹ́ẹ̀tì 4. Mo ní, "Ó kù." Ó ní, "Ó tán." Mẹ́rin péré lọ́sẹ̀ fún itan tó ń gbé gbogbo ara káàkiri, apá tó ń gbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò gba 13! Ìṣirò yìí ló jẹ́ kó dákẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Ọ̀nà wo ni a lè gbà tò ó?

Èdè wa ti pín in fún wa tipẹ́: a máa ń ti nǹkan, a máa ń fa nǹkan, a sì máa ń lóṣòó dìde. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń tì sójú kan, kí àyà, iwájú èjìká àti ẹ̀yìn apá jọ rẹ̀, kí wọ́n sì jọ sinmi. Ẹ kó ohun tí ẹ ń fà jọ bákan náà. Ẹsẹ̀ àti ìdí, ọjọ́ tiwọn lọ́tọ̀. Kọ́ńdọ́ àti dírẹ́bà jọ ń jáde, wọ́n jọ ń wọlé.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ mẹ́fà lẹ máa nílò. Ta ló ráyè ọjọ́ mẹ́fà? Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ọjọ́ mẹ́ta ló lè ṣe, kó sì ṣe gbogbo ara lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: ohun kan láti tì, ohun kan láti fà, ohun kan fún ẹsẹ̀. Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì. Bí Jímọ́ọ̀ bá dí i lọ́wọ́, kó gbà á ní Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta. Ká sọ tòótọ́, èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe irin gbígbé.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́rin lè pín ara sí òkè àti ìsàlẹ̀: òkè lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ẹtì. Iṣẹ́ ńlá ni kó ṣáájú lójoojúmọ́, kí apá tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tán ẹ̀yìn apá lágbára kí ẹ tó gun bẹ́ǹṣì, apá ló máa dá irin náà dúró, àyà ò sì ní tíì ṣe nǹkan kan.

Iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ńkọ́?

Iṣan ò mọ̀ bóyá irin lẹ gbé tàbí odó. Ẹni tó gún iyán fún àlejò ogún lọ́jọ́ Àìkú, èjìká rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ Ajé tó dé. Agbábọ́ọ̀lù ọjọ́ Àbámẹ́ta ti lo ẹ̀yìn itan. Ibí yìí ni mo ti wá mọ̀ pé àbúrò wa ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó búlọ́ọ̀kù ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò fi í sínú ètò rẹ̀, nítorí pé "iṣẹ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe eré ìdárayá." Ìbàdí rẹ̀ àti ọwọ́ tó fi ń di nǹkan mú ò mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ dúró?

Bí agbára iṣan kan bá ń dín kù lọ́sẹ̀ méjì léra wọn, ẹ lọ ka sẹ́ẹ̀tì yín. Bó bá jẹ́ pé inú oríkèé lẹ ti ń gbọ́ ìrora, tó dà bí abẹ́rẹ́, ẹ fi eré yẹn sílẹ̀ kí ẹ sì lọ fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èyí tí mi ò ní bá yín ṣàwàdà lé lórí ni ìtọ̀. Bí èèyàn bá gbé irin ju agbára rẹ̀ lọ, tí ara rẹ̀ wú tó sì ń ro ó gidi, tí ìtọ̀ rẹ̀ wá pọ́n dúdú bíi Coke, ilé ìwòsàn ló ń lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Iṣan tó bàjẹ́ ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ètò tuntun àbúrò wa

A kọ ọ́ sórí fóònù rẹ̀ níbẹ̀. Ajé àti Ọjọ́bọ̀, òkè: sẹ́ẹ̀tì 4 fún àyà, 3 sókè orí, 4 fún fífà, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀tì 3 fún ẹ̀yìn apá nìkan wà ní ìparí Ọjọ́bọ̀, níbi tí ọjọ́ mẹ́ta ti wà níwájú rẹ̀ kó tó tún jáde. Ẹ̀yìn apá bọ́ sí 10. Gbígbé irin nílẹ̀ wà ní Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú ìlóṣòó. Lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí búlọ́ọ̀kù ọjọ́ kejì, kò ní gbé irin kankan lé ẹ̀yìn: yóò di dọ́ḿbẹ́ẹ̀lì fúyẹ́fúyẹ́ mú, yóò máa gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, tí orúnkún ẹ̀yìn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, kí ìbàdí lè wà ní ṣíṣẹ́kù fún Àbámẹ́ta.

Ó kà á lókè, ó kà á nísàlẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kẹ̀? Ṣòkòtò ni mò ń wọ̀ o, ta ló fẹ́ rí i?"